Ṣíbí, kọ́kọ́rọ́, páìpù tàbí ìgò: èwo ló yẹ kí ẹ fi ṣe ṣaworo afẹ́fẹ́?

Ẹ mú ṣíbí irin kan, ẹ fi òwú so ó nídìí, ẹ jẹ́ kó máa fì, kí ẹ wá fi ṣíbí mìíràn lù ú. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣíbí onígi. Ti irin á dún gooro, ìró rẹ̀ á sì máa fà lọ. Ti igi á sọ pé "kọ̀", ó parí. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nípa yíyan ohun àlòkù fún ṣaworo afẹ́fẹ́, ìyẹn àwọn nǹkan tí a so kọ́ kí afẹ́fẹ́ lè máa mú wọn dún, orí ìdánwò kékeré yìí ló dúró lé.

Ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yan ohun èlò wọn. Èyí ń dán, ìyẹn ní àwọ̀ tó wuyì. Etí ló yẹ kó yàn án. Ojú tètè máa ń mọ́ nǹkan lára. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ ó ti máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Ohùn rẹ̀ ni yóò máa bá yín gbé. Òun lẹ óò máa gbọ́ lóru tí afẹ́fẹ́ bá dé, òun náà sì ni ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tiyín yóò máa gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ò pè é sí i nígbà tí ẹ ń yàn án. Nítorí náà, kí ẹ tó kó nǹkan jọ, ẹ kọ́kọ́ dáhùn pé: ibo ni yóò wà, ta ni yóò sì máa gbọ́ ọ?

Ohun tó mú kí irin àti igi yàtọ̀ kò ṣòro. Bí ẹ bá lu nǹkan, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń gbọ̀n. Irin, idẹ, bàbà, dígí àti tánganran tí iná jó dáadáa máa ń di gbígbọ̀n náà mú, wọ́n á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Igi, ọparun àti ike máa ń gbé e mì kíákíá. Mo to àwọn tí a sábà máa ń rí nínú ilé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn síbí, kí n tó wá sọ èrò tèmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

| Ohun èlò | Ìró rẹ̀ | Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ | Bó ṣe ń fara da ìta |
|---|---|---|---|
| Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ | kékeré, ó ga, ó tètè tán | kò pọ̀, ihò ti wà lára rẹ̀ | ti idẹ a máa ṣú, ti irin a máa dógùn-ún |
| Ṣíbí, fọ́ọ̀kì | ó mọ́, ó pẹ́ ju ti kọ́kọ́rọ́ lọ | lílu ihò nínú irin líle | ó dára gan-an bí kò bá jẹ́ irin tó ń dógùn-ún |
| Páìpù irin, bàbà, alumíníọ́mù | gígùn, ó kún, ẹ lè yan ohùn tí ẹ fẹ́ | wíwọ̀n, gígé, lílu ihò | ó dára |
| Ife tánganran, ìgò | ó mọ́, ó sì ń dùn létí | díẹ̀ bí ẹ kò bá gé e, púpọ̀ àti ewu bí ẹ bá gé e | oòrùn àti òjò kò ràn án, ìjì ni ọ̀tá rẹ̀ |
| Agolo | gbàǹgbàn, kò fà | ìṣó àti òòlù ti tó | a tètè dógùn-ún |
| Ọparun, èèpo àgbọn | ó rọ̀, kò lọ jìnnà | ayùn kékeré | a máa là, a sì máa jẹrà bí kò bá sí ààbò |

Kọ́kọ́rọ́ àti ṣíbí, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọdé ṣe é, kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ mú, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ihò ti wà lórí rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gé, kò sí ẹnu tó mú. Ohun tí ẹ máa fi ṣe ẹ̀san ni iye: kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní í ṣe nǹkan kan, nítorí ohun tó kúrú tó sì kéré báyẹn kò lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Láti bíi mẹ́wàá sókè, tí ẹ so wọ́n súnmọ́ra débi pé ọ̀kan á máa fi èjìká gbá èkejì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ woroworo tó dùn. Ẹ dá àwọn kọ́kọ́rọ́ gígùn àtijọ́, irú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dà bí ọ̀pá kékeré, sọ́tọ̀. Ohùn wọn wálẹ̀, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́.

Ṣíbí ní ohùn tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ohun tí kọ́kọ́rọ́ kò béèrè. Irin tí kì í dógùn-ún, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ṣíbí, le. Bí ẹ bá gbé dírílì lé e lórí lásán, ẹnu rẹ̀ á yọ̀ kúrò, á sì ha gbogbo ara ṣíbí náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ìṣó líle àti òòlù tẹ ojú kékeré sí ibi tí ihò máa wà, ẹ kán epo díẹ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kí dírílì máa yí jẹ́jẹ́ kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Eré àsápajúdé ló ń mú irin yìí gbóná, tó sì ń pa ẹnu dírílì. Ẹ má fi ìka di ṣíbí náà mú. Ẹ fi nǹkan dè é mọ́ pákó.

Ẹni tí kò ní dírílì lè lo fọ́ọ̀kì. Ẹ fi píláyà ká eyín rẹ̀ kan tàbí méjì sẹ́yìn kó di ìwọ̀, okùn á bọ́ síbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi òòlù lu orí ṣíbí pẹlẹbẹ nítorí ẹwà. Kò burú, àmọ́ ẹ dán ọ̀kan wò kí ẹ tó lu ìyókù, nítorí ohùn rẹ̀ á yí padà, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń yí sí rere.

Páìpù: ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù

Bí ohùn bá jẹ yín lógún, páìpù ni kí ẹ wá. Ọ̀pá kọ́tìnnì tó ti wọ́, ọ̀pá àgọ́ tó ṣẹ́, ọ̀pá tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura kọ́ sí nínú ilé ìwẹ̀, àwọn apá ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ń wà lórí òrùlé, páìpù bàbà tó kù lẹ́yìn àtúnṣe omi: gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Páìpù omi oníke nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀.

Ṣaworo àkọ́kọ́ tí mo fi páìpù ṣe, ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo lu ihò sí, mo sì fi wáyà dè é pinpin. Ó dún "kẹ́", ó dákẹ́. Mo rò pé páìpù náà ni kò dára. Irọ́ ni, ibi tí mo ti mú un ni kò dára. Páìpù tí nǹkan lù máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun, àárín rẹ̀ á lọ síhìn-ín, orí méjèèjì á lọ sọ́hùn-ún, wọ́n á sì yí padà, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú gbogbo ìrìn yìí, ojú méjì wà lára rẹ̀ tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ìdá 22.4 nínú 100 gígùn rẹ̀ ni ojú kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí orí tó súnmọ́ ọn. Bí ẹ bá mú páìpù níbẹ̀, ẹ kò dí i lọ́wọ́ kankan. Bí ẹ bá mú un níbòmíràn, okùn yín á máa jẹ nínú ìró rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi 0.224 sọ gígùn páìpù náà di púpọ̀. Páìpù 40 sẹ̀ǹtímítà, ihò rẹ̀ á wà ní sẹ̀ǹtímítà 9 sí orí. Ti 30, ó lé díẹ̀ ní 6 àti ààbọ̀, ìyẹn 6.7. Mo padà lu ihò tuntun sí páìpù mi ní 9, mo yọ wáyà, mo fi okùn rírọ̀ sí i. Páìpù kan náà, àmọ́ mo lè sọ gbólóhùn méjì kí ìró rẹ̀ tó tán. Ọ̀rọ̀ ihò yìí ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ irú irin tí ẹ lò lọ, òun sì ni àwọn ènìyàn ń fojú fò jù.

Gígùn ló ń pinnu bí ohùn ṣe ga tó, ó sì ń ṣe é lọ́nà tó lè ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá gé páìpù sí méjì ọgbọọgba, ìlọ́po mẹ́rin ni iye ìgbà tó ń gbọ̀n máa fi pọ̀ sí i, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ìyàtọ̀ gígùn kékeré ti tó láti mú ohùn mìíràn wá. Bí ẹ bá fẹ́ ohùn márùn-ún tí kì í bá ara wọn jà, láìka èyí tí afẹ́fẹ́ bá kọ́kọ́ kàn sí, tí èyí tó gùn jù sì jẹ́ 40, ẹ gé àwọn yòókù sí 37.7, 35.8, 32.7 àti 31. Ara páìpù kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn ti wá o. Bí ẹ bá pa tóóró pọ̀ mọ́ èyí tó fẹ̀, ìṣirò náà ti dàrú, nítorí bí gígùn méjì bá jọra, èyí tó fẹ̀ ló ń dún sókè ju tóóró lọ.

Irin ńkọ́, tàbí alumíníọ́mù, tàbí bàbà? Irin àti alumíníọ́mù tí ìwọ̀n wọn jọra fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ní ohùn kan náà. Bàbà àti idẹ ń dún wálẹ̀ jù wọ́n lọ. Alumíníọ́mù ni mo máa ń sọ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ mú: ó fúyẹ́, ayùn kékeré ń gé e, kì í dógùn-ún bíi ti irin. Bàbà lẹ́wà, á sì máa yí àwọ̀ padà níta láti pupa sí dúdú, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún ó lè di àwọ̀ ewé. Àwọn kan fẹ́ràn èyí, èmi wà lára wọn. Irin lásán nílò ọ̀dà. Ọ̀dà tó nípọn sì máa ń mú ohùn rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ìkìlọ̀ kan péré: páìpù irin tí wọ́n fi síńkì bo ara rẹ̀, ẹ má fi iná jó o láti bọ́ ara rẹ̀, èéfín rẹ̀ ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Lẹ́yìn gígé, ẹ fi pépà oníyanrìn tí káfíńtà fi ń ha igi ha ẹnu gbogbo páìpù, kí ẹ sì ha inú ihò náà kó má baà máa gé okùn.

Dígí àti tánganran

Lórí ìgò, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní í gbà pẹ̀lú mi. Ìgò tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ lẹ́wà nínú oòrùn, ó sì ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń júwe, pé kí ènìyàn fi okùn tó ń jó gbá ìgò láyìíká kó sì jù ú sínú omi tútù, kì í gé gbọọrọ. Ibi tó bá wù ú ló máa gbà là, ó sì lè là sí yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gé ìgò gbọ́dọ̀ ní ohun èlò tó ń ha dígí ní tòótọ́, ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú, kó sì fi omi tu ibi tó ń ha kí eruku dígí má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìwọ̀nyí kò bá sí nílé, ẹ jẹ́ kí ìgò sinmi.

Ife tánganran ni mo fi ń dípò rẹ̀. Ife tí àwo rẹ̀ ti fọ́, tó kù lóun nìkan, ẹ fi okùn so ó ní etí rẹ̀, ẹ fi igi kékeré lù ú lẹ́nu. Kò sí gígé, kò sí lílu. Ibí yìí ni ìdánwò wa tún ti wúlò: bí ife bá dún kó-ń-ó, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí ó bá dún bí ẹni lu pákó, ó ti sán níbìkan bí ojú kò tiẹ̀ rí i. Ẹ má so irú èyí kọ́ sórí ènìyàn. Ẹ má sì jẹ́ kí ife méjì máa kan ara wọn. Ohun onígi ni kó máa lù wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa ṣa àfọ́kù nílẹ̀.

Iná gígùn olójú funfun (fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì) tó ti kú, àti gílóòbù kékeré tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, èyí tí ọ̀pá dígí rẹ̀ sábà máa ń lọ́ bí okùn, ẹ má ṣe lò wọ́n rárá. Mẹ́kúrì wà nínú wọn, májèlé ni.

Agolo, ọparun àti àwọn tó kù

Agolo kò ní ohùn tó dára, kí n sọ òtítọ́. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù. Ó wúlò fún ọgbà níbi tí ẹ ti fẹ́ kí nǹkan máa pariwo díẹ̀ kó sì máa lé ẹyẹ, tàbí fún orí ṣaworo tí ẹ máa so àwọn nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ tó mú wọlé pẹ̀lú píláyà. Agolo oníatẹ́gùn, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tí nǹkan ń fọ́n jáde, ẹ má lu ihò sí i láéláé, kódà bó bá jọ pé ó ti tán.

Ọparun ni ìdáhùn fún ẹni tí ilé rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn fara kan ara wọn. Pó-pó-pó rẹ̀ kì í la ògiri kọjá, kì í sì í jí ọmọ tó ń sùn. Ọ̀pá ọparun tó ti gbẹ ni kí ẹ lò, nítorí tútù máa ń là bó bá ń gbẹ. Bí ẹ bá gé e kí kókó ọparun di ẹnu òkè, tí ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á bá a dún, ìró náà á sì kún ju ti èyí tí ẹnu méjèèjì ṣí. Ẹ fi òróró pa á lára lóòrèkóòrè, ẹ so ó síbi tí òjò kò ti ní í máa bà á tààrà. Èèpo àgbọn jọ ọ́ ní ohùn. Ìkarahun òkun tinrin ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, ó rẹwà, àmọ́ ó rọrùn láti fọ́.

Okùn, ahọ́n àti abẹ̀bẹ̀

Okùn ló máa ń kọ́kọ́ já, kì í ṣe ohun tó ń dún. Òwú lásán máa ń jẹrà nínú òjò. Okùn ìpẹja tó mọ́ gaara kì í hàn, ó sì dà bí ẹni pé àwọn nǹkan náà léfòó, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sọ ọ́ di gbígbẹ, kókó rẹ̀ sì ń yọ̀, ẹ ta á lẹ́ẹ̀mẹta. Okùn pọ́lísítà tí wọ́n hun bí irun ló ń pẹ́ jù nínú oòrùn, òun ni mo yàn. Ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ dára fún ohun tó wúwo. Wáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún orí òkè, níbi tí kò ti ní í máa ha nǹkan tó ń dún.

Ahọ́n ni mo ń pe ohun tó rọ̀ sáàárín tó ń lu àwọn yòókù. Ahọ́n onírin ń mú ìró tó mú bí abẹ́rẹ́ jáde. Ti igi tó wúwo díẹ̀ ń mú ohùn ìsàlẹ̀ tó kún jáde. Fún páìpù, igi ni. Ẹ jẹ́ kó máa kan páìpù ní àárín gígùn wọn, ibi tí ìrìn ti pọ̀ jù láàárín ojú méjèèjì tí kì í kúrò lójú kan, kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sì wà láàárín wọn. Kọ́kọ́rọ́ àti ṣíbí tó ń kan ara wọn kò nílò ahọ́n.

Abẹ̀bẹ̀ ni èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí afẹ́fẹ́ ń gbá mú. Láìsí i, páìpù tó wúwo lè dúró gbọnyin nínú atẹ́gùn tó tó aṣọ láti fẹ́. Sídíì àtijọ́ wà fún èyí bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún un, ọmọrí ike náà ń ṣe é. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, ẹ lo èyí tó fẹ̀. Níbi tí ó ti ń fẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ lo kékeré.

Fún orí òkè, ọmọrí ìkòkò àtijọ́ tàbí asẹ́ irin ju ìfikọ́ aṣọ lọ, nítorí ihò yíká jẹ́ kí gbogbo páìpù jìnnà bákan náà sí ahọ́n. Ìfikọ́ aṣọ dára fún kọ́kọ́rọ́ tó tò lọ gbọọrọ.

Ẹ ṣe ìwọ̀ kékeré kan sí abẹ́ orí òkè náà. Ní alẹ́ tí ìjì ń bọ̀, tàbí tí ará ilé kejì bá ní àlejò tó ń ṣàìsàn, ẹ ká okùn abẹ̀bẹ̀ sókè, ẹ fi kọ́ ibẹ̀. Ahọ́n á dákẹ́ títí di òwúrọ̀.